Ìtàn Ìgbésí Ayé Michael Faraday

Nínú ọ̀pọ̀ ilé lónìí, bí ooru bá mú, fáànù ni ènìyàn kọ́kọ́ ń nawọ́ sí. Bí ìyàwó ilé kò bá fẹ́ fi ọlọ lọ ata, ẹ̀rọ ìlọta orí tábìlì ni yóò tẹ̀. Bí ẹnìkan bá pè wá lórí tẹlifóònù tí a kò sì fẹ́ kí ó dún, gbígbọ̀n ni yóò máa gbọ̀n nínú àpò wa. Nínú gbogbo nǹkan wọ̀nyí, ohun kan náà ló ń ṣiṣẹ́: wáyà bàbà àti agbára òòfà tí iná mànàmáná ń mú yí bírí bírí. Mọ́tò ni àwọn tó ń tún fáànù ṣe ń pè é. Òmíràn tóbi bí ìlù bàtá, òmíràn kò sì ju hóró àgbàdo lọ. Ẹni tó kọ́kọ́ mú kí iná mànàmáná yí nǹkan láìdúró kì í ṣe ọmọ olówó, bẹ́ẹ̀ ni kò fẹsẹ̀ kan ilé ẹ̀kọ́ gíga rí gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni. Michael Faraday ni orúkọ rẹ̀, ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ sì ni mo fẹ́ sọ nínú àròkọ yìí.

Ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1791 ni wọ́n bí Michael Faraday ní Newington Butts, ní ẹ̀bá ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. James Faraday ni orúkọ baba rẹ̀, Margaret sì ni ìyá rẹ̀. Òun ni ọmọ kẹta nínú ọmọ mẹ́rin tí wọ́n bí. Iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ni baba rẹ̀ ń ṣe, ṣùgbọ́n àìsàn kì í jẹ́ kí ó lè dúró ti iṣẹ́ náà bó ti yẹ, nítorí náà òṣì kò jìnnà sí ilé wọn. Ní ọdún 1801, nígbà tí oúnjẹ wọ́n gógó, ìṣù búrẹ́dì kan ṣoṣo ni wọ́n ń fún Michael fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Ìwé kíkà, ìwé kíkọ àti ìṣirò díẹ̀ ni gbogbo ohun tó rí kọ́ ní ilé ìwé. Ìjọ Kristẹni kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Sandemanian ni ẹbí náà ń lọ. Àwọn ọmọ ìjọ yìí kò ka kíkó ọrọ̀ jọ sí ohun iyì, ẹ̀kọ́ náà kò sì kúrò lára Michael títí ó fi kú.

Nígbà tó di ọmọ ọdún 13, ní ọdún 1804, wọ́n fi í ṣe ọmọ ìránṣẹ́ lọ́dọ̀ George Riebau, ẹni tí ń ta ìwé tó sì tún ń di ìwé pọ̀. Ìwé ìròyìn ni Michael ń gbé kiri ilé àwọn oníbàárà. Ìwà ọmọ náà tẹ́ ọ̀gá rẹ̀ lọ́rùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi gbà á láti kọ́ṣẹ́ fún ọdún méje láìgba owó ìkọ́ṣẹ́. Báyìí ni ọwọ́ Michael ṣe mọ bí a ti ń gé nǹkan, bí a ti ń rán an, bí a ti ń lẹ̀ ẹ́ láìsí àlébù kankan. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé ó ń di ìwé nìkan, ó tún ń kà wọ́n. Nínú ìwé ńlá Encyclopaedia Britannica tí wọ́n gbé wá fún dídì ni ó ti ka ọ̀rọ̀ nípa iná mànàmáná. Ìwé tí obìnrin kan tí ń jẹ́ Jane Marcet kọ nípa ìmọ̀ kẹ́místrì sì tún ṣí i lójú púpọ̀.

Ohunkóhun tó bá kà, ó ń fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ dán an wò. Ní ọdún 1812, ó mú owó bàbà méje, ó gé síńkì méje tí ó tó owó náà ní fífẹ̀, ó ki bébà tí a rẹ sínú omi iyọ̀ sáàárín wọn, ó sì tò wọ́n léra. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe fi owó kékeré ṣe bátìrì ti ara rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Robert, tí òun náà ń ṣe iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, ni ó ń fún un ní ṣílè kọ̀ọ̀kan láti fi wọlé gbọ́ àsọyé tí ọ̀gbẹ́ni John Tatum ń sọ lórí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní alaalẹ́. Ní ọdún 1812 kan náà, ọ̀kan lára àwọn oníbàárà Riebau fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì láti lọ gbọ́ àsọyé mẹ́rin lẹ́nu Humphry Davy ní Royal Institution. Ní àkókò náà, Davy ni òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú àwọn onímọ̀ kẹ́místrì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Michael kọ gbogbo ohun tó gbọ́ sílẹ̀, ó ya àwòrán sí i, ó sì fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dì í ní ìwé tó lẹ́wà. Nígbà tí òṣù Kejìlá pé, ó fi ìwé náà ránṣẹ́ sí Davy, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó bá òun wá iṣẹ́. Davy kọ́kọ́ gbà á nímọ̀ràn pé kí ó má fi iṣẹ́ ìwé dídì sílẹ̀. Kò pẹ́, kò jìnnà, ọmọ iṣẹ́ tó wà ní yàrá ìwádìí Davy bá ẹnìkan jà, wọ́n sì lé e kúrò. Davy rántí ọmọ adìwé náà. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta ọdún 1813, Faraday bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Royal Institution: ṣílè 25 ni owó iṣẹ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀, pẹ̀lú yàrá méjì ní òkè ilé náà. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ ọ́ wẹ̀, yóò bá àgbà jẹun.

Láti oṣù Kẹwàá ọdún 1813 títí di oṣù Kẹrin ọdún 1815, ó bá Davy rìnrìn àjò lọ sí ilẹ̀ Faransé, Ítálì àti àwọn ibòmíràn. Ó rí Ampère, ó sì rí Volta, ẹni tó ṣe bátìrì àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ìyàwó Davy kò kà á sí ju ọmọ ọ̀dọ̀ lọ ní gbogbo ìrìn àjò náà. Faraday fara da ìyà yìí nítorí ìmọ̀ tó ń rí gbà. Nígbà tí wọ́n padà dé, ó tẹ̀ síwájú nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 1821, ó gbé Sarah Barnard níyàwó. Wọn kò bímọ, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ràn ara wọn dé ojú ikú.

Ọdún 1821 yìí kan náà ni ó ṣe iṣẹ́ tó gbé orúkọ rẹ̀ jáde. Ní ọdún 1820, olùkọ́ kan ní ìlú Copenhagen tí ń jẹ́ Hans Christian Oersted ti ṣàkíyèsí ohun ìyanu kan. Bí iná mànàmáná bá ń gba inú wáyà kọjá, abẹ́rẹ́ òòfà tí àwọn atukọ̀ fi ń mọ ọ̀nà máa ń yà kúrò níbi tó kọjú sí. Gbogbo àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Ní Lọ́ńdọ̀nù, William Hyde Wollaston, àgbà onímọ̀ kan, rò pé bí òòfà bá súnmọ́ wáyà tí iná ń gbà kọjá, wáyà náà yẹ kí ó yí lójú kan bí òkòtó. Òun àti Davy dán an wò ní Royal Institution ní oṣù Kẹrin ọdún 1821, ṣùgbọ́n wáyà náà kò yí. Faraday kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe é, àmọ́ ó bá wọn níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ Richard Phillips, tí ń ṣe olóòtú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì kan, ní kí ó bá òun kọ ìtàn gbogbo ohun tí wọ́n ti ṣe lórí ọ̀rọ̀ iná àti òòfà. Kì í ṣe ìwà Faraday láti kọ ohun tí kò rí. Ó tún gbogbo ìdánwò náà ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Níbi tó ti ń ṣe èyí ni ó ti rí ohun tí àwọn tó ṣáájú rẹ̀ kò rí. Agbára tó yí wáyà ká kì í fa òòfà mọ́ra tààrà, bẹ́ẹ̀ ni kì í tì í sẹ́yìn tààrà. Ẹ̀gbẹ́ ni ó ń tì í sí. Ohun tí a bá sì ń tì sí ẹ̀gbẹ́ nígbà gbogbo, tí kò sì lè jìnnà síbi tó wà, kí ni yóò ṣe bí kò ṣe kí ó máa yí po?

Ní ọjọ́ 3 àti ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1821, Faraday mú àwo kan, ó fi ìda lẹ òòfà mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní òòró, ó sì da mẹ́kúrì sí i títí ó fi ku orí òòfà nìkan lókè. Mẹ́kúrì ni irin tó ń ṣàn bí omi, irú èyí tí wọ́n ń fi sínú gíláàsì tí wọ́n fi ń wọn ìgbóná ara láyé àtijọ́. Lẹ́yìn náà, ó fi wáyà kan kọ́ sókè kí ó lè máa mì fàlàlà, ó sì jẹ́ kí etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kan mẹ́kúrì náà díẹ̀. Ọgbọ́n ńlá ni lílo mẹ́kúrì yìí, nítorí bí wáyà bá kan irin líle, kò ní lè rìn, bí kò bá sì kan nǹkan kan, iná kò ní lè kọjá. Mẹ́kúrì ń jẹ́ kí iná kọjá, kò sì dí wáyà lọ́wọ́. Nígbà tí Faraday so bátìrì mọ́ ọn, wáyà náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí òòfà po, ó ń yí, kò dúró. Nígbà tó so wáyà mọ́lẹ̀ tó sì tú òòfà sílẹ̀, òòfà ni ó ń yí wáyà po. George, àbúrò ìyàwó rẹ̀, ọmọ ọdún 14, wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Inú Faraday dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í jó yí tábìlì ká pẹ̀lú ọmọ náà. (Kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan má ṣe gbìyànjú èyí nílé o: májèlé ni mẹ́kúrì, èéfín rẹ̀ pàápàá ń pani lára.)

Faraday mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ní gbàgbọ́ bí wọn kò bá fi ojú rí i. Nítorí náà, ó tún ṣe irú ẹ̀rọ yìí tó kéré débi pé ó lè wọ àpò aṣọ. Gíláàsì tóóró kan ni ó lò, ó fi kọ́ọ̀kì dí i lókè àti nísàlẹ̀. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba inú kọ́ọ̀kì ìsàlẹ̀ kọjá, mẹ́kúrì díẹ̀ sì yí irin náà ká. Láti ara kọ́ọ̀kì òkè, ó fi wáyà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan kọ́ sára ìkọ́, tí etí rẹ̀ fi kan mẹ́kúrì. Bí a bá fi òòfà kan irin náà láti ìta, tí a sì so bátìrì kékeré mọ́ òkè àti ìsàlẹ̀, wáyà inú gíláàsì yóò máa yí kánkán. Bí a bá pa ojú òòfà dà, tàbí kí a pa ojú bátìrì dà, yóò máa yí sí apá kejì. Faraday fi irú ẹ̀rọ kékeré yìí ránṣẹ́ sí àwọn onímọ̀ ní òkè òkun. Ẹnikẹ́ni tó bá gbà á kò nílò àlàyé gígùn, ojú rẹ̀ ni yóò jẹ́rìí.

Ṣùgbọ́n ayọ̀ yìí kò tọ́jọ́ tí ìbànújẹ́ fi dé. Nígbà tí Faraday tẹ iṣẹ́ náà jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 1821, kò dárúkọ Wollaston níbẹ̀. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ kiri Lọ́ńdọ̀nù pé èrò olóyè ni ọmọ alágbẹ̀dẹ yìí jí. Ẹ̀sùn tó burú ni èyí fún ẹni tí kò ní owó, tí kò ní baba ìsàlẹ̀, tó jẹ́ pé orúkọ rere nìkan ni ó ní. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé Faraday ti lọ sí ilé Wollaston kí ó tó tẹ ìwé náà, kò sì bá a nílé. Òtítọ́ kejì ni pé iṣẹ́ méjèèjì kò jọra. Yíyí lójú kan ni Wollaston ń wá. Yíyí òòfà po ni Faraday rí.

Kí ni Faraday ṣe? Kò bá ẹnikẹ́ni jà, kò sì sá pamọ́. Ó kọ̀wé sí Wollaston fúnra rẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí òun wá ṣàlàyé ara òun. Wollaston gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó sì ń wá sí yàrá ìwádìí láti wo ìdánwò Faraday. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò tán. Ní ọdún 1823, àwọn ọ̀rẹ́ Faraday dárúkọ rẹ̀ láti di ọmọ ẹgbẹ́ Royal Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ tó ní iyì jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Davy, ọ̀gá rẹ̀, ni ààrẹ ẹgbẹ́ náà, òun gan-an ni ó sì dìde takò ó. Wollaston ẹ̀wẹ̀, ẹni tí wọ́n ní Faraday jà lólè, fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n fi dárúkọ rẹ̀. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1824, wọ́n dìbò, ẹnìkan ṣoṣo péré ni kò fẹ́ ẹ. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Faraday kò sì tìtorí èyí sọ̀rọ̀ Davy láìdára. Títí ayé rẹ̀ ni ó ń fi ọ̀wọ̀ rántí ẹni tó mú un kúrò nídìí ìwé dídì.

Ní ọdún 1825, wọ́n fi Faraday ṣe olórí yàrá ìwádìí tó ti jẹ́ ọmọ iṣẹ́ rí. Iṣẹ́ rẹ̀ tó tóbi jù ṣì wà níwájú. Bí iná bá lè mú òòfà ṣiṣẹ́, ṣé òòfà kò lè mú iná jáde ni? Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 1831, ó wé wáyà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ mọ́ òrùka irin kan. Nígbàkígbà tó bá so bátìrì mọ́ wáyà kan tàbí tó tú u, iná máa ń sáré kọjá nínú wáyà kejì. Ní oṣù Kẹwàá, ó ti òòfà bọ inú wáyà tí a wé, iná jáde. Ó tún yí àwo bàbà láàárín òòfà ńlá, iná jáde láìdúró. Láti inú èyí ni ẹ̀rọ amúnáwá ti wá, ìbáà jẹ́ jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìnkùlé tàbí ẹ̀rọ ńlá tí omi ìdídò ń yí.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹ̀rọ tí Faraday ṣe ní ọdún 1821 kò lè gbé ẹrù, kò lè lọ ata. Àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n fún un lágbára. William Sturgeon ṣe irin tí iná ń sọ di òòfà ní ọdún 1825. Ní Amẹ́ríkà, Thomas Davenport, tí òun náà jẹ́ alágbẹ̀dẹ, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ̀rọ kéékèèké tí iná ń yí ní ọdún 1834. Ní ọdún 1837, ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní ìwé àṣẹ lórí rẹ̀. Ìtàn sọ pé aṣọ ṣẹ́dà ìgbéyàwó ni Emily ìyàwó rẹ̀ gé sí wẹ́wẹ́ láti fi wé wáyà náà, kí iná má baà ta láti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì. Davenport kò rí èrè níbẹ̀ kí ó tó kú ní ọdún 1851, nítorí bátìrì ìgbà náà wọ́n púpọ̀. Ìgbà tí ẹ̀rọ amúnáwá tó ti inú ìwádìí Faraday jáde gbilẹ̀ ni iná pọ̀ tó láti yí mọ́tò káàkiri ayé.

Òkìkí kò yí Faraday padà. Ní ọdún 1835, nígbà tí olórí ìjọba, Lord Melbourne, fi ọ̀rọ̀ àbùkù bá a sọ̀rọ̀ lórí owó ìfẹ̀yìntì tí ìjọba fẹ́ fún un, ó kọ owó náà. Ìgbà tí Melbourne tọrọ àforíjì ni ó tó gbà á, £300 lọ́dún. Ó kọ oyè Sir, ó sì kọ ipò ààrẹ Royal Society. Ó dá àsọyé Kérésìmesì fún àwọn ọ̀dọ́ sílẹ̀ ní Royal Institution, kí ọmọ tí kò rí ilé ìwé gíga wọ̀ má baà pàdánù ìmọ̀. Nígbà ogbó rẹ̀, iyè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ra. Ní ọdún 1858, Ọbabìnrin Victoria fún un ní ilé ní Hampton Court láìgba owó, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 1867. Kò fẹ́ kí wọ́n sin òun sí Westminster Abbey láàárín àwọn ọba. Ibi ìsìnkú Highgate ni wọ́n sin ín sí. Síbẹ̀, orúkọ rẹ̀ kò parẹ́. Lẹ́tà F tí àwọn oníṣẹ́ iná ń rí lára kapásítọ̀ fáànù, orúkọ Faraday ni.

Ẹ̀kọ́ tí ìtàn yìí kọ́ wa kò fara sin. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá mọ iṣẹ́, tí kò sì gba ohunkóhun gbọ́ títí yóò fi dán an wò, lè rí ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé kò rí. Bí a bá sì gba iṣẹ́ ẹlòmíràn ṣe àtẹ̀gùn, ẹ jẹ́ kí á yára dárúkọ onítọ̀hún, kí ahọ́n ayé má baà rí nǹkan sọ. Bí wọ́n bá sì fi ẹ̀sùn èké kàn wá, kí á fi ìbẹ̀rù sílẹ̀, kí á tọ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn lọ, kí á sì padà sídìí iṣẹ́ wa. Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. Èyí ni ohun kan ṣoṣo tí ọmọ alágbẹ̀dẹ náà ní nígbà tí ayé dìde sí i, òun náà ni ó sì fi sílẹ̀ lọ.